Ọkọ̀ Fáráò Khufu ní Gíísà: gbọ̀ngàn tí ó yẹ kí a fara balẹ̀ wò

Ọ̀pọ̀ àlejò tí ó ń wọ Grand Egyptian Museum ní Gíísà, nítòsí Káírò, ni ó máa ń kọjá tààrà sí ìdí wúrà Tutankhamun, ọ̀dọ́mọdé Fáráò ayé àtijọ́. Lójú tèmi, ọkọ̀ Khufu nìkan tó ohun tí ènìyàn lè torí rẹ̀ rin ìrìn-àjò débẹ̀.

Igi kédárì ilẹ̀ Lẹ́bánónì ni wọ́n fi kan ọkọ̀ náà ní nǹkan bí 4,500 ọdún sẹ́yìn, ó sì gùn ju mítà 43 lọ. Nígbà tí Kamal el-Mallakh, awalẹ̀pìtàn ará Íjíbítì, rí i nínú kòtò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Pírámíìdì Ńlá, ibojì Khufu, ní ọdún 1954, títú ni wọ́n tú u palẹ̀ síbẹ̀, ègé rẹ̀ sì jẹ́ 1,224. Ó gba Ahmed Youssef Moustafa, ọ̀gá nínú títún ohun àtijọ́ ṣe, ju ọdún 10 lọ kí ó tó tò ó padà, lẹ́yìn tí ó ti lọ wo ọwọ́ àwọn tí ń kan ọkọ̀ onígi létí odò Náílì. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2021 ni wọ́n gbé e lódindi wá sí ibi tí ó wà báyìí.

Ẹ kọ́kọ́ wò ó láti ìsàlẹ̀. Ẹ kò ní rí ìṣó kankan, ẹ kò sì ní rí okùn, bẹ́ẹ̀ okùn ni ó so pákó mọ́ pákó. Inú ìnípọn pákó ni wọ́n dá ihò sí, tí ihò náà kò yọ sí ìta, kí wọ́n tó ki okùn bọ̀ ọ́ láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ìkejì. Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá wọ omi, igi á wú, okùn á fún, ojú ìsopọ̀ á sì dí. Ọkọ̀ Dufuna tí wọ́n hú ní Ìpínlẹ̀ Yobe dàgbà ju èyí lọ púpọ̀, ó tó nǹkan bí 8,000 ọdún, ṣùgbọ́n ara igi kan ṣoṣo ni wọ́n ti gbẹ́ ẹ, kò sì lè tóbi ju igi náà lọ. Ọgbọ́n ìsopọ̀ ni ó mú ààlà yẹn kúrò.

Ohun tí ó dùn mí ni pé amọ̀nà tí a sanwó fún kò sọ nǹkan kan nípa èyí. Ìgbàgbọ́ pé Fáráò yóò fi ọkọ̀ náà bá oòrùn rìn lẹ́yìn ikú ni ó fi gbogbo àkókò ṣàlàyé. Ìgbàgbọ́ náà ṣe pàtàkì, àwọn onímọ̀ kò sì tíì fohùn ṣọ̀kan lórí bóyá ọkọ̀ náà kan omi rí. Síbẹ̀, ìwé òrépèté tí wọ́n rí ní Wadi al-Jarf, èbúté àtijọ́ kan létí Òkun Pupa, ní ọdún 2013 fi hàn pé ọkọ̀ ni Merer, ọ̀gá òṣìṣẹ́ kan láyé Khufu, àti nǹkan bí 40 òṣìṣẹ́ rẹ̀ fi ń kó òkúta láti Tura, ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta ní òdìkejì odò Náílì, wá sí Gíísà fún iṣẹ́ pírámíìdì Khufu. Láìsí ọ̀gá akankọ̀, iṣẹ́ ìkọ́lé náà ìbá ti dúró.

Mo gba ẹnikẹ́ni tí ó bá ń lọ nímọ̀ràn pé kí ó ya wákàtí kan ó kéré tán sọ́tọ̀ fún gbọ̀ngàn yìí, kí ó tó rẹ̀ ẹ́, kí ó sì bi amọ̀nà léèrè ṣáájú kí ó tó sanwó bóyá ó lè ṣàlàyé bí wọ́n ṣe kan ọkọ̀ náà.