Ìkìlọ̀ fún ará Ilé-Ifẹ̀: télọ̀ kan wà láàárín wa tí kò ní máṣìnì

Ẹ̀yin ará Ifẹ̀, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń wá ẹni tó mọ ṣẹ́ẹ̀tì rán dáadáa nítòsí ilé láìsí pé ẹ gbé aṣọ dé Ìbàdàn tàbí Èkó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí tán kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin kan wà nínú ìlú yìí tó ń pe ara rẹ̀ ní télọ̀. Kì í ránṣọ. Yóò wọn yín, yóò gbowó, yóò wá gba ọjà lọ, yóò ra ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti rán sílẹ̀ fún títà, yóò já lébẹ̀lì rẹ̀ dànù, yóò rán tirẹ̀ mọ́ ọn, yóò sì kó o fún yín bí ẹni pé òun ló jókòó ti abẹ́rẹ́.

N kò ní dárúkọ rẹ̀ níbí. Ọ̀rọ̀ náà ti wà níwájú àwọn àgbà ẹgbẹ́ aránṣọ, wọ́n sì ní kí a fún àwọn láyè. Ìwà rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ dá mọ̀, torí orúkọ ṣọ́ọ̀bù ṣeé pààrọ̀ lóru ọjọ́ kan.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Télọ̀ tó ní kí ẹ wá ní Fúráìdé, tí Fúráìdé dé tó ní iná ò sí, tí ẹ tún padà lọ tó ní bọ́tìnnì nìkan ló kù, ìyẹn kì í ṣe olè. Télọ̀ wa tí a ti mọ̀ tipẹ́ nìyẹn, àgàgà bí Ọlọ́jọ́ bá ti ń súnmọ́ tí aṣọ ẹbí ti kún ilẹ̀. Ó máa ń bí èmi náà nínú, àmọ́ aṣọ mi wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì máa rán an lọ́jọ́ kan. Ẹni tí mò ń sọ yìí kì í pẹ́ rárá. Ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́ta láàárín ọjọ́ méjì! Ohun tí àwọn èèyàn fi ń yìn ín nìyẹn, òun gan-an ló sì yẹ kó kọ wá lóminú. Kọ́là nìkan, èèyàn á gé e, á fi sítéè (aṣọ líle tó ń mú kọ́là dúró) sí i, á lọ̀ ọ́, á rán an, á yí i síta, á tún fa ojú ìrán sí etí rẹ̀, kó tó wá kan ọwọ́ àti kọ́ọ̀fù. Ta ló ń ṣe ìyẹn fún oníbàárà rẹpẹtẹ láàárín ọjọ́ méjì, láìní ọmọ iṣẹ́ kankan?

Orí WhatsApp ló ti ń mú èèyàn. Àwòrán tó ń gbé síbẹ̀ rẹwà, ṣùgbọ́n ẹ fẹ́ wọn tóbi kí ẹ wò ó: nínú ọ̀kan, orúkọ ẹni tó ni iṣẹ́ náà ṣì hàn fírífírí ní ìgun, wọn ò gé e kúrò tán. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ náà dára, dígí ńlá, tábìlì, aṣọ tí wọ́n ká jọ lóríṣiríṣi. Ilẹ̀ ibẹ̀ ló yẹ kí ẹ wò. Kò sí òwú jíjá kan, kò sí àgékù aṣọ, kò sí eruku ṣọ́ọ̀kì. Ṣọ́ọ̀bù télọ̀ wo ló mọ́ tó bẹ́ẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ iṣẹ́? Bí ẹ bá béèrè máṣìnì, yóò ní ọ̀nà Ẹdẹ ni ilé iṣẹ́ wà. Ẹlòmíràn béèrè, ó ní Modákẹ́kẹ́ ni. Gbogbo owó ló ń gbà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, orúkọ tó sì wà lórí àkáǹtì kì í ṣe tirẹ̀, kì í sì í ṣe ti ṣọ́ọ̀bù.

Àwọn tó wọ̀n lójúkojú gan-an, ìwọ̀n jákujàku ni: ọrùn, àyà, gígùn ọwọ́, ó tán. Àwọn tó jìnnà díẹ̀, ó ní kí wọ́n ya fọ́tò ara wọn ránṣẹ́. Fọ́tò kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni pé èjìká yín kan wálẹ̀ ju èkejì lọ, ọ̀pọ̀ nínú wa sì ni èjìká rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó mọ ṣẹ́ẹ̀tì yóò wọn èjìká, àyà, ikùn, yíká apá àti ọrùn ọwọ́. Yóò ki ìka bọ abẹ́ tépù lọ́rùn kí kọ́là má baà fún yín. Yóò tilẹ̀ béèrè ọwọ́ tí ẹ ń so aago mọ́, kó lè fi àyè díẹ̀ sí kọ́ọ̀fù ẹ̀gbẹ́ yẹn.

Nígbà tí ṣẹ́ẹ̀tì tèmi dé, ó bá mi mu díẹ̀, n ò ní purọ́. Mo yí inú rẹ̀ síta. Lábẹ́ lébẹ̀lì rẹ̀ ni mo ti rí ihò abẹ́rẹ́ àtijọ́ tó tò lọ yíká, ó sì fẹ̀ ju lébẹ̀lì tuntun náà lọ. Nínú ẹ̀gbẹ́ òsì, gbòǹgbò lébẹ̀lì kékeré kan tí wọ́n fi sísọ́ọ̀sì gé ṣì kù síbẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń kọ bí a ṣe ń fọ aṣọ sí. Bọ́tìnnì àpọ́jù wà nísàlẹ̀, bíi ti aṣọ ọjà. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ní ojú ìrán méjì, ọ̀kan dúdú, ọ̀kan búlúù: obíọmà kan, aránṣọ tó ń gbé máṣìnì kiri, ló bá a gún un wọlé kó lè wọ̀ mí lára. Owó tí mo san ra iṣẹ́ ọwọ́. Ohun tó gbé wá, n bá rà á fúnra mi l'Ọ́jà Tìtun ní iye tí kò tó ìdajì rẹ̀.

Ti ẹ̀gbọ́n kan ládùúgbò wa burú ju tèmi lọ, torí aṣọ tirẹ̀ ló gbé fún un, òwú gidi tí ọmọ rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti ìlú òyìnbó. Èyí tó gbà padà jọ ọ́ lójú, ilà kan náà, àwọ̀ kan náà. Ó wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, òógùn bò ó. A fa òwú kan yọ ní etí rẹ̀, a ṣáná sí i. Òwú gidi máa ń rùn bí ìwé tó ń jó, eérú rẹ̀ á sì fọ́ lọ́wọ́. Èyí yọ́, ó ká kò, ó sì le koko dúdú. Ọ̀rá ni.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ gbé aṣọ fún télọ̀ tí ẹ kò mọ̀, ẹ gé ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan nínú rẹ̀ lójú rẹ̀, kí ẹ mú un lọ sílé. Ẹ sọ fún un pé ẹ máa gba gbogbo àgékù. Bí aṣọ bá fẹ̀ ní ínṣì 60, bíi yáàdì 2 sí 2½ ti tó ṣẹ́ẹ̀tì ọlọ́wọ́ gígùn fún àgbàlagbà tí ara rẹ̀ mọ níwọ̀n. Ẹni tó bá ní kí ẹ mú 4 wá, ẹ bi í léèrè ohun tó fẹ́ fi ìyókù ṣe. Ẹ ní kó pè yín nígbà tó bá gé e tán, kí ẹ lọ dán an wò kó tó kan ọwọ́ mọ́ ọn. Ẹni tí kò bá rán an kò lè pè yín.

Àwọn àgbà ní ẹni tó máa dáṣọ fúnni, ti ọrùn rẹ̀ là ń wò. Ní ti télọ̀, bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Ẹ wo kọ́là ọrùn rẹ̀, ẹ wo ti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Bí kọ́là tí wọ́n ti fọ̀ bá wú lẹ́fọ́lẹ́fọ́, sítéè rẹ̀ kò mú aṣọ. Mo fẹ́ràn ṣọ́ọ̀bù tí fọ́tò fírídọ̀mù wà lára ògiri rẹ̀ tí àwọn ọmọ iṣẹ́ sì ń fa wàhálà lẹ́yìn. Irú rẹ̀ kò wọ́n láti Lágere dé Ìrẹ̀mọ, wọn kàn kì í mọ fọ́tò yà ni.

Ní ti ẹ̀yin tí owó yín ti wọlé sí i lọ́wọ́, àwọn kan ti ń sọ pé ká lọ fi ọlọ́pàá mú un. Òfin ọlọ́pàá ọdún 2020 sọ pé wọn kò gbọdọ̀ torí àdéhùn tó bàjẹ́ nìkan mú èèyàn, nítorí náà bí ẹ bá lọ, jìbìtì ni kí ẹ lọ fi sùn, pẹ̀lú ẹ̀rí. Àjọ FCCPC tó ń gbèjà oníbàárà náà ń gba ẹ̀sùn, òfin wọn ti ọdún 2018 sì fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí wọ́n tún iṣẹ́ tí kò dára ṣe tàbí kí wọ́n dá owó padà. Ẹgbẹ́ aránṣọ ló yá jù lójú tèmi, torí ọ̀rọ̀ náà ba àwọn náà lórúkọ jẹ́.

Ẹ tọ́jú rìsíìtì àti gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ jọ sọ lórí WhatsApp. Ẹ má fọ ṣẹ́ẹ̀tì náà, ẹ má sì lọ̀ ọ́ mọ́, kí ihò abẹ́rẹ́ yẹn má baà pa dé.