Àkùrọ̀ tàbí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè: èwo ló yẹ ẹni tó fẹ́ kó lọ sóko?

Ọdún mẹ́rin ni mo fi gbé àkùrọ̀ kí n tó kó gòkè. Bí ẹ bá ń wá ilẹ̀ tí ẹ ó máa dáko sí, tí ẹ sì fẹ́ kó gbà yín lọ́jọ́ tí iná bá lọ tí ọ̀nà sì dí, irú ilẹ̀ méjì yìí ni wọn yóò sábà mú yín lọ wò.

Ti ọ̀gbìn, àkùrọ̀ ló borí. Ilẹ̀ rẹ̀ ṣú, ó lọ́ràá, kì í tètè gbẹ lẹ́ẹ̀rùn. Lókè, àfi kí ẹ kọ ebè dábùú gẹ̀rẹ́ náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àgbàrá á kó erùpẹ̀ lọ. Ti iná igbó, òkè ló léwu jù, torí iná máa ń yára gun òkè. Ẹ ṣán àyíká ilé dáadáa. Ti ọ̀nà, ẹ ka iye tó jáde níbẹ̀. Tó bá jẹ́ afárá kan ṣoṣo ni, ẹ tún un rò.

Omi ló ná mi lówó.

Nígbà tí mo ń ra àkùrọ̀, odò ló wọ̀ mí lójú. Kànga ibẹ̀ ò ju mítà 4 lọ. Ẹni tó ta ilẹ̀ fún mi ní ẹ̀ẹ̀kan lọ́gọ́rùn-ún ọdún lomi ń yalé níbẹ̀, mo sì gbà á gbọ́. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn ni pé lọ́dọọdún, ewu rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú 100. Ẹni tó bá gbé ibẹ̀ fún 30 ọdún, tirẹ̀ ti di bí ìdá kan nínú mẹ́rin. Lọ́dún kẹrin ló dé bá mi.

Òjò ọ̀hún ò tiẹ̀ rọ̀ lọ́dọ̀ wa, òkè odò ló ti rọ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, omi ti gba orí ṣáláńgá wọ inú kànga. Nígbà tó fà, mo pọn garawa kan: epo ń tàn yinrinyinrin lójú rẹ̀, ó ń rùn bí oògùn apakòkòrò. Síse omi á pa kòkòrò àrùn, ṣùgbọ́n kò lè mú epo àti kẹ́míkà kúrò. Títí a fi fa kànga gbẹ, tí a da kiloríìnì sí i, tí èsì àyẹ̀wò fi jáde, kẹ́ẹ̀gì lítà 20 ni mò ń rù láti ọ̀nà jíjìn, kílò 20 lọ́kọ̀ọ̀kan.

Wọ́n á ní omi jìn lókè. Òótọ́ ni: ẹ̀rọ afami tó wà lórí ilẹ̀ kì í lè fa omi tó bá jìn ju bíi mítà 7 lọ, èyí tí wọ́n ń sọ sínú kànga sì nílò iná. Ṣùgbọ́n òjò ń rọ̀ sórí páànù. Òrùlé mítà 10 lóòró, 10 níbùú, bí òjò mìlímítà 10 bá rọ̀ sí i, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà 1,000. Omi àkọ́kọ́ tó fọ páànù, ẹ dà á nù, kí ẹ sì se èyí tí ẹ ó mu. Ẹ gbé táńkì síbi tó rẹlẹ̀ sí etí páànù ṣùgbọ́n tó ga ju ibi tí ẹ ó ti máa pọn omi lọ, omi á máa ṣàn wá láìsí iná. Àwọn tó ń ṣèrànwọ́ lásìkò àjálù ka lítà 15 fún ẹnì kan lójúmọ́ sí èyí tó kéré jù. Fún ènìyàn 5, táńkì lítà 5,000 á lò tó oṣù méjì.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ lọ wo ilẹ̀ náà láàárín òjò. Ẹ wo ara igi: bí ẹrẹ̀ bá fàlà sí i, tàbí tí koríko gbígbẹ há sẹ́ka, omi ti dé ibẹ̀ rí. Ẹ bi àgbàlagbà tó ti pẹ́ níbẹ̀, kì í ṣe ẹni tó ń tà á.

Méjèèjì ló dára. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gba òkè mọ́ lè ra àkùrọ̀, bí ibi gíga kan bá wà lórí ilẹ̀ náà tí ilé, kànga àti ṣáláńgá lè wà, kí kànga sì jìnnà sí ṣáláńgá. Èmi ṣì ń dáko sí tèmi lẹ́ẹ̀rùn. Bí ojú ọ̀run bá ti ṣú, mo ti ń gòkè lọ sílé.