Ẹ ṣọ́ra fún Brown Card tí wọ́n ń tà ní bọ́dà Sẹ̀mẹ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbèrò láti wa mọ́tò yín gba etíkun lọ sí Kútọnu, Grand-Popo tàbí Lomé, ẹ jọ̀wọ́ ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó di ẹrù sí búùtù. Wọ́n ti lu èmi àti Bàbá Ìbejì ní jìbìtì, bébà lásán ni wọ́n sì fi lù wá.

Ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì ni. Ó ní látìgbà tá a ti fẹ́ra, òkú àti ìgbéyàwó nìkan ló ń gbé wa kúrò ní Èkó, òun fẹ́ ká rìnrìn àjò kan tí ẹnikẹ́ni ò ní máa retí wa níbẹ̀. A ò kánjú rárá. A sun Àgbádárìgì mọ́jú, a lọ wo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí wọ́n kọ́ ní 1845, a jẹ ẹja yíyan, ó di ọjọ́ kejì ká tó forí lé Sẹ̀mẹ̀.

Ibẹ̀ ni ọmọkùnrin náà ti rí wa. Kò sáré di mọ́tò mú bíi tàwọn yòókù. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ ká fọkàn tán an. Ó so káàdì ìdánimọ̀ mọ́rùn, ó fi báírò há etí, ó gbọ́ Yorùbá, ó gbọ́ Ègùn, ó gbọ́ Faransé. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ọkọ mi lórí yẹ̀pẹ̀. "Daddy, Mummy, ẹ kú ewu ọ̀nà. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n dà yín láàmú, gbogbo ìwé yín á jáde báyìí." Ó rà wá ní omi tútù. Ẹ̀gbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rin náírà ló gbà fún Brown Card nìkan.

Fún ẹni tí ò mọ̀ ọ́n: ìnṣọ́ránsì tá a ń gbà fún mọ́tò nílé kì í bá wa kọjá bọ́dà. Brown Card ECOWAS ló ń gba ipò rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá kọlu èèyàn tàbí ẹ ba nǹkan onínǹkan jẹ́ ní Bẹ̀nẹ̀ tàbí Tógò, òun ló máa sanwó fún onítọ̀hún. Kì í tún mọ́tò tiyín ṣe o. Kútọnu gan-an ni wọ́n ti fọwọ́ sí àdéhùn rẹ̀ ní 1982, ìlú tí ayédèrú tiwa kọ́kọ́ là kọjá láìsí ẹni tó mọ̀. Ọlọ́pàá méjì yẹ̀ ẹ́ wò lójú ọ̀nà, wọ́n ní ká máa lọ. Ẹ má fìyẹn tan ara yín jẹ. Àwọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń wò.

Láti Kútọnu, a gba Route des Pêches tó gba ẹ̀gbẹ́ òkun lọ sí Ouidah. Ọkọ mi kò sáré ju ogójì lọ. Àgbọn lápá ọ̀tún, omi lápá òsì, àwọn apẹja ń fa àwọ̀n wálẹ̀ pẹ̀lú orin. Mo ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ máa wojú ọ̀nà o." Ó ní òun ń wò ó.

Ní Grand-Popo, ọlọ́kadà kan yọ láti kọ̀rọ̀, ó fi ẹ̀gbẹ́ kan wa. Ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú ni, iná ọ̀kadà rẹ̀ sì fọ́. Ọlọ́pàá dé, ó gba Brown Card, kò wo àwọ̀ rárá. Ó lọ síwájú mọ́tò, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ gíláàsì níbi tí nọ́ńbà ṣáàsì wà, ó ń fi ìka kà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá kan tó ń ta àkàsà nítòsí, ará Sakété tó gbọ́ Yorùbá, ló túmọ̀ fún wa: nọ́ńbà àti lẹ́tà tó wà nínú ṣáàsì ara mọ́tò jẹ́ 17, ti orí káàdì jẹ́ 16, lẹ́tà O sì wà nínú rẹ̀. Lẹ́tà I, O àti Q kì í sí nínú nọ́ńbà ṣáàsì, torí kí wọ́n má baà ṣì í kà sí 1 tàbí 0. Ẹni tó tẹ káàdì náà kò mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo pe nọ́ńbà "iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì" tí wọ́n kọ sẹ́yìn káàdì. Ọkùnrin kan gbé e, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, káàdì wa dáa. Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni mo gbọ́ ẹnì kan tó ń ké lẹ́yìn rẹ̀ pé, "Ṣé ẹ fẹ́ ṣẹ́ séfà? Séfà wà o!" Séfà, owó tí wọ́n ń ná ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, ni wọ́n ń ṣẹ́ ní bọ́dà: Sẹ̀mẹ̀ ló wà. Àpò ọmọkùnrin yẹn ni iléeṣẹ́ náà wà.

Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi dá mọ́tò wa dúró. Àpò wa la ti sanwó ọsibítù àti owó ọ̀kadà, séfà tá a tọ́jú fún Lomé ló bá a lọ. Ibẹ̀ la ti yí padà.

Èkó ni kẹ́ ẹ ti gba Brown Card, lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ tó ṣe ìnṣọ́ránsì mọ́tò yín, nínú ọ́fíìsì wọn. Kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ gbé e ti ìwé mọ́tò, kẹ́ ẹ wo nọ́ńbà ṣáàsì, nọ́ńbà pélètì mọ́tò àti déètì tó máa parí. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ wádìí, ẹ wá nọ́ńbà iléeṣẹ́ náà fúnra yín, ẹ má pe èyí tó wà lórí káàdì. Ìnṣọ́ránsì mọ́tò tẹ́ ẹ gbà ní Nàìjíríà náà, ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò lórí ìkànnì askniid.org. Ẹ má sì bínú sí ọmọkùnrin tó bá fẹ́ ràn yín lọ́wọ́ ní bọ́dà; ẹ ṣáà gba omi tútù rẹ̀, kẹ́ ẹ san owó omi.

Bàbá Ìbejì ní a máa tún lọ ní December. Káàdì tuntun ti wà nílé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti ka ṣáàsì rẹ̀: 17.