Òwúrọ̀ kan ní ọgbà páńdà Chengdu: àgbéyẹ̀wò mi

Ọjà ni mo lọ rà ní Guangzhou ní orílẹ̀-èdè Ṣáínà, n kò ní i lọ́kàn láti wo ẹranko kankan. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹrù mi pẹ́ kí ó tó délẹ̀, mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Chengdu, olú ìlú ìpínlẹ̀ Sichuan, kí n lè fojú ara mi rí ẹranko dúdú-òun-funfun tí mo ti ń rà lára àpò àti bàtà ọmọdé láti ọjọ́ tó ti pẹ́.

Ọdún 1987 ni wọ́n dá ọgbà ìwádìí àti ìbísí páńdà yìí sílẹ̀, páńdà 6 tí wọ́n gbà là nínú igbó ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀. Yuan 55 (owó Ṣáínà) ni mo san fún ìwọlé. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti fi nọ́ńbà pásípọ́ọ̀tù mi gba tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, mo sì gba ẹnikẹ́ni tí ó bá ń lọ níyànjú pé kí ó ṣe bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù ni àsìkò. Agogo 7:30 àárọ̀ ni wọ́n ń ṣílẹ̀kùn, ẹ jẹ́ kí ó bá yín lẹ́nu ọ̀nà, nítorí pé àárọ̀ ni páńdà máa ń jẹun tí ó sì ń rìn káàkiri. Kò fẹ́ràn ooru rárá. Bí ooru bá ti ń lọ sí ìwọ̀n 26 lórí òṣùwọ̀n Celsius, inú yàrá tí ó ní ẹ̀rọ amúlétutù ni wọ́n ń kó wọn lọ. Àwọn tí wọ́n dé ní nǹkan bí agogo mọ́kànlá lọ́jọ́ náà, ẹ̀yìn páńdà tí ó ti sùn lọ ni ọ̀pọ̀ wọn rí.

Èmi rí oúnjẹ jíjẹ, ìyẹn nìkan sì tó owó tí mo san. Ọ̀kan fẹ̀yìn ti pákó bí àgbà tí ó ti oko dé, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó kó ọparun lé ikùn, ó sì ń fi eyín bó èèpo rẹ̀ gẹ́lẹ́ bí a ṣe ń bó ìrèké. Ibi tí a dúró sí ni a ti ń gbọ́ bí ó ṣe ń fọ́ ọ lẹ́nu. Ó di ọ̀pá náà mú dáadáa, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe àtàǹpàkò gidi ni ó ní. Eegun ọrùn ọwọ́ kan ni ó yọ síta tí ó ń bá a ṣiṣẹ́ àtàǹpàkò. Ìfun rẹ̀ jẹ́ ti ẹranko tí ń jẹ ẹran, nítorí náà ìwọ̀nba díẹ̀ ni ara rẹ̀ ń rí mú nínú ọparun, èyí ni ó fi ń jẹun fún wákàtí mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ lóòjọ́.

Ní ilé àwọn ọmọ tuntun, a ń wò wọ́n láti ẹ̀yìn gíláàsì. Ọmọ páńdà kì í ju nǹkan bí gíráàmù 100 lọ nígbà tí wọ́n bá bí i, ó pọ́n, kò sì nírun tí a lè tọ́ka sí. Ọjọ́ kan sí mẹ́ta péré lọ́dún ni abo lè gboyún. Bí a bá rántí pé 1,864 péré ni ìjọba Ṣáínà kéde ní ọdún 2015 pé ó wà nínú igbó, a ó mọ ìdí tí wọ́n fi ń ṣe wàhálà tó bẹ́ẹ̀ lórí ọmọ kan ṣoṣo.

N kò tò láti rí Hua Hua, páńdà tí wọ́n bí ní ọdún 2020 tí òkìkí rẹ̀ kàn jù, nítorí pé ìlà náà gùn, àwọn páńdà yòókù sì wà nílẹ̀ tí èrò kò pọ̀ níbẹ̀. Ohun tí ó bí mi nínú ni ti aṣojú ìrìn-àjò kan tí ó fi dá mi lójú pé n óò gbé páńdà sọ́wọ́ ya fọ́tò. Irọ́ ni. Kò sí àlejò tí ó ń fọwọ́ kàn wọ́n níbẹ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹranko tí ó sún mọ́ mi jù lọ́jọ́ náà kì í tilẹ̀ ṣe páńdà ńlá. Páńdà pupa ni, tí ẹbí rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá sí ti èkejì láìka orúkọ tí wọ́n jọ ń jẹ́ sí: ó jáde láti inú koríko, ó gba ẹ̀gbẹ́ bàtà mi kọjá lójú ọ̀nà tí a ń rìn, kò sì wo ojú ẹnikẹ́ni nínú wa.