Ẹ̀yin ará Àbújá, ẹ má ra awò oòrùn yẹn

Bí ọkùnrin kan bá na tẹlisíkóòpù kékeré sí yín lẹ́bàá ọ̀nà ní Wuse, tó ní "Ẹ̀gbọ́n, ojúlówó Jámánì ni," ẹ máa bá tiyín lọ. ₦45,000 ló gbà lọ́wọ́ mi.

Ó ní Àgùàlà máa gba iwájú oòrùn kọjá lóṣù tó ń bọ̀. Irọ́ pátápátá ni. Àgùàlà ṣe é ní 2004, ó tún un ṣe ní 2012, ó di 2117. Èmi tí mò ń fọwọ́ tọ́ka Àgùàlà han ọmọ, tí mò ń sọ fún un pé kì í ṣe ajá oṣù, n kò yẹ fóònù wò kí n tó sanwó!

Irọ́ yẹn ṣì kéré. Dígí dúdú kékeré kan wà tó ní kí a lọ́ mọ́ ibi tí a ń gbé ojú sí. Gbogbo ooru tí ẹnu awò bá kó jọ, orí dígí yẹn ló ń dà sí. Mo gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní Kubwa, mo kọ ẹnu rẹ̀ sí oòrùn ọ̀sán, mo wọlé lọ pe ọmọ mi. Ká tó jáde, a gbọ́ "pá!" Dígí ti sán. Mo fi bébà sí i lẹ́yìn, bébà rú èéfín. Ojú ọmọ ni ì bá wà níbẹ̀ o. Ẹ̀yìn ẹyinjú lọ́hùn-ún kì í sì í mọ ìrora. Á ti jóná kéèyàn tó fura.

Ó fi jígí onípáálí mẹ́ta ṣe ènì. ISO 12312-2, nọ́ńbà ìlànà àgbáyé fún jígí tí a fi ń wo oòrùn, wà lára wọn gàdàgbà, àmọ́ ta ni kò lè tẹ nọ́ńbà? Mo wọ ọ̀kan nínú yàrá, mo rí fáànù, mo rí kàlẹ́ńdà ara ògiri. Ojúlówó kò ní jẹ́ kẹ́ ẹ rí nǹkan kan nínú ilé, àfi bóyá gílóòbù tó mọ́lẹ̀ gan-an, fírífírí.

Ẹni tó bá ti rà á, ẹ ju dígí yẹn nù. Èyí tó dáa, ẹnu iwájú tó kọjú sí oòrùn ni wọ́n ń fi í bò. Bí kò bá sí, ẹ jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ bọ́ sórí páálí funfun fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí gbogbo ilé máa wo páálí, kí àgbàlagbà kan dúró ti awò náà kí ọmọdé má gbójú sí i.

Pílánẹ́ẹ̀tì Mercury ló máa kọ́kọ́ gba iwájú oòrùn kọjá, ọjọ́ 13 oṣù Kọkànlá 2032, láàárọ̀ títí di ọ̀sán lọ́dọ̀ wa. Ó kéré débi pé jígí onípáálí tó jẹ́ ojúlówó pàápàá kò lè fi í hàn. Ẹ rántí ìyẹn bí wọ́n bá tún na jígí sí yín nígbà náà.

Mo padà sí Wuse lọ́jọ́bọ̀. Ẹni tó ń ta ṣájà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní ó ti kó ẹrù rẹ̀ lọ sí ìhà Nyanya.