Resqme àti òòlù LifeHammer: èwo ló wúlò jù nígbà tí bẹ́líìtì ọkọ̀ bá há mọ́ni?

Bó bá jẹ́ ẹyọ kan péré lowó yín ká, ẹ ra Resqme, irinṣẹ́ kékeré tí wọ́n ń so mọ́ kíí ọkọ̀. Òòlù LifeHammer aláwọ̀ ọsàn yẹn kò burú, àmọ́ ó ń fẹ́ àyè, àyè gan-an sì ni kì í sí nínú ọkọ̀ tó ti dojú dé. Iṣẹ́ kan náà làwọn méjèèjì wà fún: kí wọ́n gé bẹ́líìtì tó há mọ́ni lára, kí wọ́n sì fọ́ gíláàsì ẹ̀gbẹ́ kéèyàn lè jáde.

Ká tó débi abẹ, ó yẹ ká mọ ohun tó ń mú bẹ́líìtì há. Inú òpó tó wà láàárín ilẹ̀kùn iwájú àti tẹ̀yìn ni irin tó ń ká bẹ́líìtì iwájú máa ń wà. Téèyàn bá fà á jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, á máa tú. Téèyàn bá já a gbì, tàbí tí ọkọ̀ bá dẹ̀gbẹ́, eyín irin inú ẹ̀ á gbá a mú. Béèyàn bá ṣe ń jà tó, bẹ́ẹ̀ láá máa há sí i. Bọ́tìnnì pupa ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tẹ̀, ẹ má tíì sáré mú abẹ. Tó bá jẹ́ ìwọ̀n ara yín ló rọ̀ mọ́ bẹ́líìtì, ẹ fi ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ ti ohun tó bá le nítòsí, kí ara lè fúyẹ́ díẹ̀, kẹ́ ẹ tún un tẹ̀. Tó bá kọ̀ jálẹ̀, ẹ gé e.

Inú ihò tóóró kan ni abẹ Resqme wà, ìka ò lè kó sí i. Ìdè kíí hódà ẹ̀ ló bò ó. Ẹ fà á gìrì, á já kúrò lára kíí, abẹ á sì yọjú. Ẹ ki etí bẹ́líìtì bọ ihò náà, ẹ dagun ẹ̀ díẹ̀, kẹ́ ẹ fà á lẹ́ẹ̀kan náà láìdáwọ́ dúró. Ibi tó bá le dan-in ló ń gé dáadáa. Ibi tó bá dẹ̀ á ṣù jọ sẹ́nu abẹ, kò sì ní lọ mọ́. Ẹ gé ti èjìká, kẹ́ ẹ gé ti ìbàdí náà, torí bẹ́líìtì tí wọ́n gé lókè nìkan ṣì lè há sẹ́nu irin nísàlẹ̀. Tí ọkọ̀ bá dojú dé, ẹ ti fi ọwọ́ kan gbára lé òrùlé kẹ́ ẹ tó gé ti ìbàdí. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, orí lẹ máa fi balẹ̀. Níbi gígé yìí, LifeHammer ò kẹ̀rẹ̀ rárá: ọwọ́ ẹ̀ gùn, ó ṣeé dì mú fún ẹni tọ́wọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n.

Gíláàsì ni Resqme ti gbapò kìíní. Sípíríǹgì ló ń ti irin ṣóńṣó inú ẹ̀. Ẹ gbé orí ẹ̀ lé igun gíláàsì, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn títí tó fi máa dún pà. Irin náà á yọ, á sì padà sáyè ẹ̀ fúnra ẹ̀. Kò sídìí láti na apá. Òòlù ní tiẹ̀ ní láti rí ibi gbé sókè, tó bá sì jẹ́ abẹ́ omi ni, omi á ti gba agbára ọwọ́ kó tó balẹ̀. Ẹ má fojú sun àárín gíláàsì, ó máa ń mì.

Lọ́dún 2019, AAA, ẹgbẹ́ àwọn onímọ́tò ní Amẹ́ríkà, dán irú irinṣẹ́ mẹ́fà wò. Mẹ́rin fọ́ gíláàsì tó ń di wẹ́wẹ́, èyí tí wọ́n kọ Tempered sí nígun. Àwọn onísípíríǹgì sì ṣe dáadáa ju àwọn òòlù lọ. Ìkankan nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ò ráyè ti gíláàsì onípele méjì tí wọ́n fi rọ́bà lẹ̀ pọ̀ láàárín, tí wọ́n kọ Laminated sí. Nínú irú ọkọ̀ ọdún 2018 níbẹ̀, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ló ní irú gíláàsì yìí lẹ́gbẹ̀ẹ́, tokúńbọ̀ wọn sì ti wà lójú títì wa. Torí náà ẹ lọ ka igun gíláàsì yín lónìí, ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan àti ẹ̀yìn. Gíláàsì iwájú ò sí lára ohun tá à ń sọ; onípele méjì ni, ẹ má ṣe fàkókò ṣòfò níbẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn tíńtì, ohun kan wà tí wọn kì í kọ sára páálí. Gíláàsì yín á fọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n rọ́bà tíńtì á di gbogbo ẹ̀ mú, kò ní já sílẹ̀. Ẹ fi gìgísẹ̀ tàbí ìgbọ̀nwọ́ tó láṣọ tì í síta láti igun tó fọ́.

Nínú omi, ẹ má ṣí ilẹ̀kùn. Ọkọ̀ máa ń léfòó fún nǹkan bí ìṣẹ́jú kan: ẹ tú bẹ́líìtì, ẹ yí gíláàsì sílẹ̀ bí iná ọkọ̀ bá ṣì ń ṣiṣẹ́, tàbí kẹ́ ẹ fọ́ ọ, ẹ kó àwọn ọmọ jáde, kẹ́ ẹ tẹ̀ lé wọn. Ẹ má pe ẹnikẹ́ni lórí fóònù ní àsìkò yẹn.

Àbùkù Resqme kan rèé: ìgbà tí kíí wà lẹ́nu ọkọ̀ ni wọ́n fọkàn sí tí wọ́n fi ní kẹ́ ẹ so ó mọ́ kíí. Ọkọ̀ tó jẹ́ bọ́tìnnì ni wọ́n fi ń tan án ńkọ́? Kíí wà nínú àpò ṣòkòtò, bẹ́líìtì sì ti tẹ àpò náà mọ́lẹ̀. Ẹ so ó mọ́ ibi tọ́wọ́ òsì àti ọ̀tún lè dé láìtẹ̀ síwájú. Inú àpótí iwájú kọ́ o, ẹ ò ní lè nà débẹ̀. Ní ti òòlù, gọ́ọ̀mù alálẹ̀mọ́ tí wọ́n fi ń lẹ ilé ẹ̀ mọ́ ọkọ̀ ò ṣeé gbára lé nínú ọkọ̀ tó ń gba oòrùn lójoojúmọ́. Ẹ fi sukúrúù de ilé òòlù.

Àwọn ayédèrú pọ̀, wọ́n sì jọra wọn lójú. Ẹ tẹ orí sípíríǹgì mọ́ pákó: ó gbọ́dọ̀ dá ihò kékeré sí i, kó sì padà sáyè ẹ̀. Ti abẹ, ẹ ra bẹ́líìtì àlòkù lọ́wọ́ àwọn tó ń tú ọkọ̀ ní Ládípò, kí ẹnì kan bá yín fà á le, kẹ́ ẹ gé e. Tó bá gba kẹ́ ẹ fà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó já, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á fún yín.