Ìràwọ̀ mẹ́ta ni mo fún bùkà yìí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ́mọ tó ní àìsàn coeliac ẹ wá gbọ́

Mi ò ní dárúkọ bùkà náà o, torí ìyá tó ni ín kì í ṣèèyàn burúkú, Peckham ní London níbí ló wà, ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún wọn, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé kẹ́ ẹ tó bú mi.

Àbígbẹ̀yìn mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ló ní coeliac. Wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò, wọ́n tún fi kámẹ́rà wo inú ẹ̀. Kì í kàn ṣe pé oúnjẹ ò bá a lára mu o, tí gluten, ìyẹn èròjà kan tó máa ń wà nínú àwọn ọkà bí àlìkámà, ọkà báálì àti rye, bá ti wọlé, ara ẹ̀ fúnra ẹ̀ á dìde sí ìfun ẹ̀, èérún búrẹ́dì lásán ti tó. Kò sóògùn, àfi kó má jẹ ẹ́ títí ayé. Ẹ wá sọ ìyẹn fún ẹ̀gbọ́n dádì wọn tó máa ń ní "fún un ní díẹ̀ jàre, ṣé puff-puff kan ló máa pa á?"

Èmi tiẹ̀ rò pé oúnjẹ tiwa ló rọrùn jù. Iṣu ni èlùbọ́, ẹ̀wà ni gbẹ̀gìrì, ewé ni ewédú, kí ló kan àlìkámà ńbẹ̀? Ìgbà àkọ́kọ́ tá a lọ, mo bi ọmọbìnrin tó ń gbé oúnjẹ, ó ní "Àǹtí, kò sí búrẹ́dì nínú ẹ̀ o", ó sì mú ìwé kan wá tí wọ́n ti kọ "kò sí" síwájú gbogbo nǹkan. Láti 2014 lòfin ibí ti ní kí ilé oúnjẹ máa sọ èyí tó wà nínú oúnjẹ wọn lára nǹkan 14 tó máa ń gbòdì lára èèyàn, ọkà tó ní gluten wà lára ẹ̀, àmọ́ ìwé yẹn, kí káńsù má bàa yọ wọ́n lẹ́nu ni wọ́n ṣe kọ ọ́. Ọmọ jẹ àmàlà méjì, ó lá àwo. Ká tó délé ó ti ń bì nínú mọ́tò, ikùn ẹ̀ le bí ìlù, ọjọ́ méjì ni kò lọ sílé ìwé.

Mo padà lọ. Mi ò lọ jà, mo kàn bẹ ìyá pé kí wọ́n jẹ́ n wo kíṣìnì. Orógùn kan ṣoṣo ló wà ńbẹ̀, ó dúró sínú abọ́ omi, sẹ̀mó ti gbẹ mọ́ ọn lọ́rùn, òun náà ni wọ́n tún kì bọ ìkòkò àmàlà lójú mi báyìí. Àlìkámà pọ́ńbélé sì ni sẹ̀mó! Òróró dòdò ńkọ́, puff-puff ló kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ láàárọ̀. Mo yí páálí magí wọn wò, àlìkámà wà lẹ́yìn ẹ̀ gàdàgbà. Ìyá wò mí, wọ́n ní "Ọmọ mi, mi ò mọ̀ o, mo rò pé àìsàn òyìnbó ni."

Ohun tí wọ́n fi gba ìràwọ̀ mẹ́ta rèé: wọ́n ra orógùn tuntun, wọ́n so òwú pupa mọ́ ọn, wọ́n wá ìkòkò kékeré sí i, tí mo bá ti pè ní wákàtí kan ṣáájú, wọ́n á ro tọmọ mi sọ́tọ̀, iyọ̀ àti irú ni wọ́n á fi se ọbẹ̀ ẹ̀, kò sí magí. Ẹ̀ẹ̀mẹrin la ti jẹun ńbẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, kò sí wàhálà. Dádì wọn ṣì ń jẹ sẹ̀mó tiẹ̀, àmọ́ orí tábìlì lọ́hùn-ún ló ń lọ jẹ ẹ́. Malt nìkan la ò rí ojútùú ẹ̀, torí ọkà báálì ni, omi lọmọ ń mu, á sì máa wo igò ẹ̀gbọ́n ẹ̀ bíi kó já a gbà.

Ìràwọ̀ méjì tí mo yọ ńkọ́? A lọ ní Sátidé kan, ìyá ti lọ òde àríyá, mo yọjú sí kíṣìnì, ọmọkùnrin tó wà ńbẹ̀ ń fi orógùn òwú pupa ro sẹ̀mó, ó tiẹ̀ tún kí mi tẹ̀ríntẹ̀rín. Mo kó àwọn ọmọ sínú mọ́tò, a lọ fi ẹyin jẹ iṣu nílé.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ, àárín ọ̀sẹ̀ ni kẹ́ ẹ lọ, ẹ kọ́kọ́ pè, kẹ́ ẹ sì bi wọ́n bóyá ìyá wà ńbẹ̀. Àmàlà wọn dùn ṣá.